Nígbà Tí Wọ́n Ní Afẹ́fẹ́ Àbàtà Ló Ń Fa Ibà

Ẹni tó bá dúró lórí òkè Ìdànrè ní kùtùkùtù òwúrọ̀ nígbà òjò yóò rí ìkùukùu funfun tó bo àfonífojì ìsàlẹ̀, orí àwọn igi gíga nìkan ni yóò máa yọ jáde. Bí oòrùn bá ti ń mú, ìkùukùu náà á gbéra díẹ̀díẹ̀, á sì pòórá. Ká ní dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan gun òkè yìí ní ọdún 1850, nígbà tí ìlú Ìdànrè ṣì wà lókè pátápátá, kò ní ṣòro fún un láti sọ ibi tí ibà ti ń wá. Ìkùukùu yẹn ni ì bá nawọ́ sí. Ì bá sì yin àwọn ará Ìdànrè pé ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni wọ́n, tí wọ́n kọ́ ilé wọn sórí àpáta, tí wọ́n fi irà sílẹ̀ fún igbó. Ààbò lọ́wọ́ ọ̀tá ni òkè náà jẹ́ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń dáko, òkè ni wọ́n ń gbé, títí di nǹkan bí ọdún 1923 tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Òdòde. Ṣùgbọ́n dókítà náà kò ní gbọ́ ìyẹn. Òkè dára, ìsàlẹ̀ burú: ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ nìyẹn.

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn dókítà Yúróòpù ni pé oró kan wà nínú afẹ́fẹ́. Miasma ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní níbi tí ewé àti igi bá ti ń jẹrà nínú omi tó rogún sójú kan, tí oòrùn sì ń pa á, oró náà á máa gòkè bí ooru orí ìkòkò. Á gba imú àti ẹnu wọ ara, á ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ni ibà bá dé.

Kì í ṣe àlá ni wọ́n ń lá. Gbogbo ohun tí wọ́n fojú rí ló ti èrò náà lẹ́yìn. Ẹni tó sun ẹ̀bá irà ni ibà ń mú ju ẹni tó sun orí ilẹ̀ gíga lọ. Ìgbà òjò ló ń pọ̀ sí i. Òru léwu ju ọ̀sán lọ. Atukọ̀ tó bá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí ojú òkun, tó jìnnà sí ilẹ̀, ara rẹ̀ á le. Èyí tó bá sùn sí etídò, kò ní pẹ́ tí òtútù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ta yí ibùsùn ká ń dáàbò bo ènìyàn, wọ́n ní aṣọ náà ló ń sẹ́ oró kúrò nínú afẹ́fẹ́. Àkíyèsí wọ̀nyí tọ̀nà, ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí wọn kò fura sí ni ẹ̀fọn tó ń kùn létí wọn bí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Èrò mìíràn tún wà lábẹ́ èyí tó ṣòro fún wa láti lóye lónìí. Lójú wọn, ìgbóná ara kì í ṣe àmì pé àrùn kan wà níbì kan. Òun gan-an ni àrùn. Nítorí náà, bó ṣe ń rìn ni wọ́n fi ń pín in: ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, ibà tó ń rọlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í lọ tán, àti ibà tó mú ara tọ̀sán-tòru láìjá. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ náà kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ó lè máa dé lójoojúmọ́, ó lè fo ọjọ́ kan kó tó padà, ó sì lè fo méjì. Mo gbóríyìn fún wọn níbí, torí pé ẹni tó bá fi sùúrù jókòó ti aláìsàn nìkan ló lè ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀. Lónìí a mọ ìdí rẹ̀: kòkòrò ibà máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, á sì bú ẹ̀jẹ̀ pupa jáde lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn wákàtí 48 tàbí 72 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà rẹ̀, ìgbà tó bá sì bú jáde ni òtútù àti ìgbóná ń dé.

Àbùkù ìpín yẹn ni pé ó kó àrùn mẹ́rin, márùn-ún, pọ̀ sínú àpò kan. Ibà ẹ̀fọn, ibà pọ́njú, táífọ́ọ̀dù, àrùn inú ìfun, gbogbo wọn lè jọra ní ọjọ́ kejì. Ọdún 1837 ni William Gerhard ní Philadelphia tó fi hàn pé táífọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí táífọ́ọ̀sì, èyí tí iná ara ń gbé kiri. Ní nǹkan bí 1849 ni William Jenner fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní London. Kó tó dìgbà náà, àtẹ́lẹwọ́ níwájú orí, ìka lórí ọrùn-ọwọ́ àti wíwo ahọ́n ni irinṣẹ́ wọn.

Ìtọ́jú wọn bá èrò wọn mu. Bí ìgbóná bá jẹ́ àrùn, ẹ lé ìgbóná jáde. Wọ́n á gé iṣan apá aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú àwo, tàbí kí wọ́n lẹ eṣúṣú mọ́ ọn lára. Wọ́n á fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ tó le. Wọ́n á fún un ní kálómẹ̀lì, tí mákúrì wà nínú rẹ̀, títí itọ́ á fi máa dà ṣàn-ṣàn lẹ́nu rẹ̀ tí eyín rẹ̀ á sì máa mì; nígbà tí itọ́ bá ń dà ni wọ́n ń sọ pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ibà ẹ̀fọn ti ń jẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tẹ́lẹ̀. Dókítà wá ń gba ìyókù.

Ní àkókò kan náà, nínú igbó tó yí Ìdànrè ká àti jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, àwọn oníṣègùn tiwa náà ń wo ibà. Àlàyé àwọn àgbà kò sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àbàtà. Oòrùn tó pa ènìyàn lóko ni wọ́n ń sọ, àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó, àti epo pupa tó pọ̀ jù lóunjẹ. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé kòkòrò wà nínú ara gbogbo ènìyàn, pé nígbà tó bá pọ̀ kọjá ààyè rẹ̀ ló ń di àìsàn, pé ohun dídùn ń bọ́ ọ, ohun kíkorò sì ń pa á. N kò ní sọ pé wọ́n ti mọ kòkòrò ibà kí òyìnbó tó rí i. Kòkòrò tí wọ́n ń sọ kì í ṣe èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, wọn kò sì so ó mọ́ ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn darí ọwọ́ wọn sí ibi tó dára: sí èèpo àti ewé kíkorò.

Igbó Oǹdó kún fún wọn. Awọ́pa wà níbẹ̀, tí èèpo rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí atalẹ̀ pupa. Ahùn wà níbẹ̀. Òrúwọ wà níbẹ̀, tí ewé rẹ̀ korò débi pé ọmọdé á sá tó bá ti gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n á se wọ́n pọ̀ ní agbo, aláìsàn á mu, á fi wẹ̀, wọ́n á sì fi aṣọ bò ó mọ́ orí ìkòkò kó lè làágùn. (Dóńgóyárò tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ewé ibà àwọn baba ńlá wa kò tíì sí níbí nígbà náà, ọ̀rúndún ogún ló tó dé.) Wọ́n tún mọ irú ibà yà sọ́tọ̀. Èyí tó ń sọ ojú àti ìtọ̀ di pípọ́n, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, ní agbo tirẹ̀. Ìgbóná tí ṣọ̀pọ̀ná ń mú wá kò sì sí lára ibà rárá. Orúkọ ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é, àwòrò tirẹ̀ ló ń mójú tó o. Bí wọ́n bá ní kí n yan ibi tí mo fẹ́ ti ṣàìsàn ibà ní ọdún 1840, láàárín ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì àti ilé oníṣègùn lórí òkè Ìdànrè, n kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Òkè ni mo máa gùn. Ó kéré tán, kò sẹ́ni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ lára mi.

Odò Ọya ni ìmọ̀ àwọn dókítà náà ti pàdé ìdánwò tó le jù. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè odò náà, Albert, Wilberforce àti Soudan, láti bá àwọn ọba ṣe àdéhùn lòdì sí òwò ẹrú. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà nínú wọn. Wọ́n mọ̀ pé ibà ń dúró dè wọ́n. Nínú òyìnbó bí 48 tó bá Macgregor Laird wọ odò yìí ní 1832, bí mẹ́sàn-án péré ló padà sílé láàyè. Nítorí náà wọ́n gbára dì bí ìmọ̀ ìgbà náà ṣe kọ́ wọn. David Boswell Reid ṣe ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú àpótí irin ńlá kan kọjá, kẹ́míkà wà nínú àpótí náà láti pa oró afẹ́fẹ́ kó tó dé ibi tí àwọn atukọ̀ ń sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniell ní London ti sọ pé gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ló ń ti inú omi etíkun Áfíríkà jáde tó ń pa ènìyàn. Àwọn dókítà inú ọkọ̀ náà kó èlò àyẹ̀wò dání, wọ́n yẹ omi odò náà wò, wọn kò sì rí gáàsì náà níbẹ̀.

Ní àárín oṣù kẹjọ ni wọ́n wọ odò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ni ibà bẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn aláìsàn ti pọ̀ débi pé wọ́n kó wọn sínú Soudan, lẹ́yìn náà Wilberforce, láti gbé wọn padà sí òkun. Albert nìkan ló ń gòkè lọ, títí dé Egga, níbi tí ọ̀gágun rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti wó lulẹ̀. Kò sí ẹnjiníà tó lè dìde dúró mọ́. James M'William, dókítà ọkọ̀, ló wá dojú kọ ìtukọ̀, William Stanger, onímọ̀ nípa àpáta, sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ẹ́ńjìnì láti inú ìwé tó wà nínú ọkọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń gbé ọkọ̀ tó kún fún òkú àti ẹni tó ń kú sọ̀kalẹ̀ bọ̀, títí John Beecroft fi pàdé wọn pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, Ethiope. Nínú òyìnbó 145 tó wọ odò náà, ibà mú 130. Nǹkan bí 40 ló kú. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi àpótí irin sẹ́ kò gba ẹnikẹ́ni là.

M'William kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1843: ẹni tó ṣàìsàn, ọjọ́ wo, oògùn wo, bó ṣe parí. Mo ka àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì ju gbogbo àríyànjiyàn nípa oró afẹ́fẹ́ lọ. Iye tí a bá kọ sílẹ̀ ló jẹ́ kí ẹlòmíràn lè béèrè ìdí tí ara àwọn kan fi le.

Ìdáhùn náà wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. T. R. H. Thomson, ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, ń lo kiníìnì lójoojúmọ́ láìdúró de ibà, ara rẹ̀ sì le. Kiníìnì kì í ṣe ohun tuntun. Èèpo igi kan láti òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti gbé e dé Yúróòpù láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Pelletier àti Caventou sì yọ oje rẹ̀ gan-an jáde ní Paris ní 1820. Èèpo kíkorò lòun náà. Àmọ́ lẹ́yìn tí ibà bá ti dé, tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ tán, ni àwọn dókítà sábà ń fún ènìyàn. Thomson tẹ ohun tó rí jáde ní 1846. Alexander Bryson, dókítà ọmọ ogun ojú omi, kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún jọ ní 1847, ó ní kí wọ́n máa fún àwọn atukọ̀ ní kiníìnì kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí wọ́n sì máa fún wọn lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá padà sínú ọkọ̀. Ní 1854, William Balfour Baikie kó ọkọ̀ Pleiad wọ odò Ọya kan náà, ó dé ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí, ó gba Bẹ́núé lọ. Crowther tún wà níbẹ̀. Òyìnbó 12 ló wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ń mu kiníìnì lójoojúmọ́. Wọ́n lo ọjọ́ 118 nínú odò, gbogbo àwọn 12 sì padà láàyè.

Bí ẹ bá bi Baikie ìdí tí kiníìnì fi ṣiṣẹ́, kò ní sọ̀rọ̀ kòkòrò. Yóò ní ó ń fún ara lágbára láti kọ oró afẹ́fẹ́. Oògùn ti tọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àlàyé tó tọ̀nà, n kò sì rí ohun ìtìjú nínú ìyẹn. Ohun tó yẹ kó dùn wá ni ohun tí oògùn náà ṣí sílẹ̀: òyìnbó tí ibà kò pa mọ́ lè dúró pẹ́, lẹ́yìn oníṣòwò àti ajíhìnrere sì ni ìbọn àti gómìnà dé.

Àwọn dókítà tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà náà kọ́ ẹ̀kọ́ afẹ́fẹ́ yìí. Africanus Horton, tí wọ́n bí ní Sàró ní 1835 fún òbí tó jẹ́ Ìgbò, gba oyè dókítà ní Edinburgh ní 1859. Ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní etíkun, ó ń kọ ìwọ̀n òjò àti ooru sílẹ̀, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde ní 1867 lórí ojú ọjọ́ àti ìlera Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oró àbàtà ni òun náà ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ní kí wọ́n ṣe: kí wọ́n la gọ́tà, kí wọ́n fa omi irà, kí wọ́n tún ìlú ṣe. Bí wọ́n bá ti gbọ́ tirẹ̀, ẹ̀fọn ì bá dín kù láìsí ẹni tó dárúkọ ẹ̀fọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson òpìtàn, gba oyè gíga ní Edinburgh ní 1889, ìwòsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ 1841, díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn dúdú ni ibà mú. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló yàtọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sí. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ AS ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà tó le, irú ibà ẹ̀fọn kan sì wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìhà tiwa. Ṣùgbọ́n ìdí tó tóbi jù ni pé àgbàlagbà tí wọ́n ń wò ti gba ibà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti kékeré, ara rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò kọ́ ọ ti wà nínú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá kà nípa ọkọ̀ yẹn. Orúkọ òyìnbó tó kú lójú odò wà nínú ìwé títí dòní. Kò sẹ́ni tó ka iye ọmọ ọwọ́ tí ara wọn gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè Ìdànrè, tí gìrì mú, tí wọ́n sì lọ. A ní àbíkú ni wọ́n. Ìyá á kọ ọmọ nílà, á fún un lórúkọ ẹ̀bẹ̀. Ibà àti ẹ̀jẹ̀ SS sì lè jẹ́ ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ibà àgbàlagbà ni àwọn baba wa ń pè ní ibà. Ti ọmọdé, wọ́n fún un lórúkọ mìíràn, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ lọ sí ọ̀run.

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà kéré. Òṣùwọ̀n ìgbóná ara ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ó gùn bí apá, ó sì ń gba àkókò. Ní nǹkan bí 1866 ni Clifford Allbutt ṣe èyí tó gùn tó íǹṣì mẹ́fà, tó ń parí iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní 1868, Carl Wunderlich ní Leipzig tẹ ìwé tó fi ìwọ̀n ìgbóná nǹkan bí 25,000 aláìsàn ṣe ẹ̀rí pé ìgbóná jẹ́ àmì tí àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń fi sílẹ̀, kì í ṣe àrùn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1880, Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé ní Constantine ní Algeria, wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan lábẹ́ maikirosíkópù, ó rí ohun alààyè tó ń jà pìtìpìtì. Ní ọjọ́ ogún oṣù kẹjọ ọdún 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Secunderabad ní Íńdíà.

Èkó gbọ́ ìròyìn náà kíákíá, torí dókítà ni gómìnà tó dé ibẹ̀ ní 1899, William MacGregor. Àwọn onímọ̀ kan láti London dé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò, wọ́n rí kòkòrò ibà níbẹ̀, wọ́n sì dábàá pé kí òyìnbó lọ kọ́lé jìnnà sí ènìyàn dúdú. Ní Freetown wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́ Hill Station sórí òkè ní 1904. MacGregor kọ̀ ọ́ fún Èkó. Ó ń fa omi irà, ó ń pín kiníìnì, àwọn obìnrin ìlú náà sì bá a pín in fún àwọn ìyá. Mo bọlá fún un nítorí ìyẹn.

Lónìí, bí ara àgbẹ̀ kan bá gbóná ní oko kòkó lẹ́yìn Òdòde Ìdànrè, ó ṣeé ṣe kí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ àná ti pọ̀ jù. Á mu agbo. Bí kò bá lọ, á rán ọmọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn kó ra oògùn ibà, olóògùn á sì tà á láìbéèrè ohunkóhun. Àtẹ́lẹwọ́ níwájú orí ṣì ni àyẹ̀wò. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti ìka ọwọ́ ni, èsì rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, fífi gbogbo ìgbóná sínú àpò kan léwu ju ti ibi púpọ̀ lọ, torí ibà Lassa wà láàárín wa. Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1969, ṣùgbọ́n Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń yọ lẹ́nu jù lọ báyìí. Eku kan tó ń gbé inú ilé àti oko ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń kan oúnjẹ tí a sá síta tàbí tí a kò bò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò yàtọ̀ sí ibà ẹ̀fọn: orí fífọ́, ara ríro, ọ̀fun dídùn. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ti di ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n tọ́jú jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí. Oògùn rẹ̀, ribavirin, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi ọjọ́ méjì mu agbo, tó fi mẹ́ta lo oògùn ibà tí kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún, ọjọ́ kan ló kù fún un láti dé Ọ̀wọ̀.